Fámásì tó ń bi èèyàn léèrè bí ọlọ́pàá: ìgbà mẹ́rin ni mo lọ, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ fámásì kan ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo fẹ́ sọ, ó máa gùn díẹ̀, ẹni tí ò bá ráyè kó kàn mọ̀ pé mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ráyè, ẹ fà síbí.

Awakọ̀ ni mí, ọmọ Kétu. Àjàṣẹ́ sí Kétu ni mo ń ná, Ìṣakẹ́tẹ́, Pọ̀bẹ̀, Kétu, lọ bọ̀ lọ bọ̀, ọkọ̀ èèyàn márùn-ún tá à ń kó méje sí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ ti wọ̀ ọ́ rí. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ nìkan mọ́. Fámásì tí mò ń wí wà létí títì bí ẹ bá ń ti Ouando bọ̀ wá sáàárín ìlú, àgbélébùú aláwọ̀ ewé wà lókè ẹ̀ bíi ti gbogbo wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò rán mi níṣẹ́, mo sì tún ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, tìbínú-tìbínú ni mo fi jáde. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ òótọ́, ojú ò tì mí mọ́: kì í ṣe pé mo dìídì lọ bí ọmọlúàbí tó fẹ́ ra oògùn. Ìyá kan wà tó máa ń gbé àwo oògùn kiri gáréèjì wa, ọwọ́ ẹ̀ la ti ń rà á, ìyá yìí ò wá fún ọjọ́ mẹ́ta, ara mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mò ń yán gùn-ùn-gùn-ùn, imú ń ṣomi, inú ń ṣu mí gbuuru, mo rò pé ibà ni. Tramadol, oògùn ìrora, ni mò ń wá. Àwọn ọmọ gáréèjì ń pè é ní tramol, ẹlòmíì ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀, á kàn ní "fún mi ní èyí tó ń fún ni lágbára." Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́kọ́ fún mi ní ẹyọ kan lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn mi há tí mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, láàárín wákàtí kan mo ti di ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀yìn ò dùn mí, ebi ò pa mí, inú mi kàn ń dùn lásán, mo ń bá èrò ṣàwàdà dé Pọ̀bẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ẹyọ kan ò ràn mí mọ́, méjì ni mò ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lè lo ọjọ́ mẹ́rin láì dé ilé ìgbẹ́. Mi ò so méjèèjì pọ̀. Iṣu gbígbóná ni mo di ẹ̀bi rù, ìyàwó mi ní kí n máa jẹ ìbẹ́pẹ.

Àfi bí mo ṣe dé iwájú káńtà tí mo fi abala hóró oògùn tó kù lọ́wọ́ mi hàn wọ́n pé irú eléyìí ni mo fẹ́, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó lọ pe màdáámù. Màdáámù yìí ni fámásì náà gan-an, ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kúkúrú, awò ojú ń yọ́ bọ́ lójú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ní ta ló ń lò ó. Mo ní èmi ni. Ó ní láti ìgbà wo. Ó ní mélòó lóòjọ́. Ó ní ṣé mo máa ń mu ọtí. Ó ní ṣé gìrì mú mi rí, ṣé wárápá wà nínú ẹbí wa. Níbi tó dé yìí ni mo fi gbaná jẹ, mo ní màdáámù, ṣé oògùn lẹ̀ ń tà ni àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fún mi? Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Ohun tó sọ fún mi ní ẹ̀gbẹ́ káńtà yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí. Ó yí abala yẹn padà, ó fi èékánná tọ́ka sí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, 225. Ó ní dókítà tó bá kọ oògùn yìí fún àgbàlagbà, 50 tàbí 100 miligíráàmù ló máa ń kọ lẹ́ẹ̀kan, òpin ẹ̀ sì ni 400 láti àárọ̀ di àárọ̀. Èmi ń gbé 450 mì pẹ̀lú kọfí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó dáná sí mọ́tò. Ó ní àwọn ará Jámánì ló ṣe oògùn náà, láti 1977 ni wọ́n ti ń tà á fún aláìsàn níbẹ̀, oògùn gidi ni, wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kò sẹ́ni tó ní kò wúlò.

Ìgbà yẹn ló wá bi mí pé, "Ẹ̀yin awakọ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ bírékì, ṣé táyà iwájú nìkan ló máa dúró?" Mo ní rárá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ní ìrora tó ń ti ẹ̀yìn yín gùn lọ sí ọpọlọ, tramadol ń tẹ bírékì fún un, ara èèyàn fúnra ẹ̀ ní ohun tó fi ń tẹ bírékì yẹn díẹ̀díẹ̀, òun ló fi jẹ́ pé ẹni tó fara pa nínú ìjà kì í tètè mọ̀, oògùn kàn lọ gbé ẹsẹ̀ lé e ni. Ṣùgbọ́n ibi tó ń tẹ̀ yẹn ò gbé ìrora nìkan dúró. Ó ń dá ìfun dúró, ẹ ò wá rí ilé ìgbẹ́ lọ. Tó bá pọ̀ jù, ó ń dá èémí dúró, èèyàn á sùn, ọpọlọ á gbàgbé láti mí. Ọtí náà ń fi ọ̀nà tiẹ̀ tẹ bírékì fún èémí, sódabì (ògógóró wa) tàbí bíà, kò sí ìyàtọ̀. Oògùn oorun ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kó méjì papọ̀, ẹsẹ̀ méjì ló fi tẹ̀ ẹ́ yẹn.

Mo ní tó bá jẹ́ bírékì ni, kí ló dé tí ojú mi fi ń là tí mo lè wakọ̀ mọ́jú? Ó ní ìbéèrè tó dáa nìyẹn (mo gbéra ga díẹ̀). Ó ní tramadol yàtọ̀ sí mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó le, níbi yìí, ọwọ́ kan ẹ̀ wà lórí bírékì, ọwọ́ kejì ẹ̀ ń ti ọpọlọ síwájú, torí ó ń jẹ́ kí àwọn nǹkan kan tó ń mú ara yá gágá pẹ́ nínú ọpọlọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wà lára ohun tó ń fa inú dídùn lásán yẹn, ó sì wà lára ohun tó ń fa gìrì. Bẹ́ẹ̀ ni mo rántí ọ̀kan nínú wa tó ṣubú lulẹ̀ ní gáréèjì, tó ń ta pàǹpàn, tí ìtọ́ ń yọ lẹ́nu ẹ̀, tí gbogbo wa ń pariwo pé ọmọ aráyé ló ṣe é, a tiẹ̀ ń dárúkọ ẹni tó ṣe é. Méjì ló lò lọ́jọ́ yẹn, ó sì fi sódabì lé e.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo fi bodè wé e o, kì í ṣe òun. Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tá a bá gbé mì, bó bá ti kúrò nínú ìfun, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá dé bodè Ìgòlò tí àwọn aṣọ́bodè á ní kó tú ẹrù. Oògùn kan dé ibẹ̀, wọ́n gba ìdajì ẹ̀. Òmíì dé ibẹ̀, wọ́n yí i padà di nǹkan míì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í kọ́kọ́ gba bodè ní tiẹ̀, ọ̀nà inú igbó ni, inú ẹ̀jẹ̀ tààrà, ìdí tó fi ń yára nìyẹn tó sì fi léwu lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n gún. Tramadol ní tiẹ̀, tó bá dé ẹ̀dọ̀, ṣe ni wọ́n tún ń di ẹrù kún ẹrù ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ di ohun tó lágbára ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Aṣọ́bodè ara kálukú ò sì rí bákan náà, àbímọ́ni ni. Ti ẹlòmíì ń yára jù, hóró kan tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lò tí nǹkan kan ò ṣe é lè gbé òun dá sílẹ̀. Torí náà "lágbájá lò ó, kò ṣe é ní nǹkan kan" tá a máa ń wí ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ òfo ni.

Kò tà á fún mi. Ó ní láì sí ìwé dókítà, òun ò ní tà á, àti pé kí n má sì jáwọ́ lójijì o, kí n má lọ ṣe ọkùnrin, torí gbígbọ̀n àti yíyán tó ń ṣe mí yẹn, ara tó ti mọ́ oògùn lára ló ń béèrè oògùn, dókítà ló máa bá mi fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ orúkọ ilé ìwòsàn kan sínú ìwé pélébé. Mo já ìwé náà gbà, mo jáde, mo sọ̀rọ̀ tí kò dáa. Ọjọ́ kejì mo lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.

Kó tó di pé mo jáde ṣá, mo ti ní ó dáa, ẹ fún mi ní parasitámọ́ọ̀lù, èyíinì ò léèwọ̀ àbí? Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo tún ń lò? Mo ní oògùn ọ̀fìnkìn, sáṣẹ́ kan tí mò ń pò mọ́ omi gbígbóná. Ó ní kí n mú un wá. Ó kà á fún mi: parasitámọ́ọ̀lù 500 wà nínú sáṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àṣé ọ̀kan náà ni mo fẹ́ máa lò lọ́nà méjì. Fún àgbàlagbà, hóró 8 ti 500 láàárín wákàtí 24 ni òpin, ẹni tí ò sanra tàbí tó ń mu ọtí gan-an ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ débẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èérí kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń rí nídìí ẹ̀ tí kò ní rí nǹkan fi nù mọ́, èérí yẹn á wá máa jẹ ẹ̀dọ̀ gan-an. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kìíní èèyàn lè má mọ nǹkan kan ju pé èébì ń gbé e, ó máa tó ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta kí ojú tó pọ́n bí àtàrí ìbẹ́pẹ. Oògùn tó ń pa oró ẹ̀ wà nílé ìwòsàn, àmọ́ kéèyàn tètè débẹ̀ ni. Parasitámọ́ọ̀lù o! Tí àwa ń jẹ bíi gúgúrú.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ, èmi àti màmá mi ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní, ilé ìwòsàn ní Kétu ti fún wọn ní oògùn méjì, ọ̀kan ń jẹ́ kí wọ́n máa tọ̀, wọ́n sì ń lò ó dáadáa, mo fọwọ́ sọ̀yà. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀, ẹsẹ̀ tún wá wú bíi ti ẹni tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn ti ń sọ pé bóyá wọ́n tẹ nǹkan. Màdáámù ò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀. Ó fi Yorùbá Àjàṣẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o. Yàtọ̀ sí ti dókítà, kí lẹ tún máa ń fi sẹ́nu?" Màmá ní kò sí. Ó ní orúnkún ń kọ́? Màmá ní háà, ti orúnkún yẹn, wọ́n ní kì í ṣe oògùn, "kékeré aláwọ̀ pupa yẹn ṣáá ni." Díkílófénákì ni, oògùn ìrora. Ọwọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kiri lọ́jà ni wọ́n ti ń rà á, àárọ̀ kan, alẹ́ kan, ó ti tó ọdún kan!

Mi ò ní lè sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ tó dùn, àmọ́ bó ṣe lọ rèé. Nǹkan kan wà tí ara máa ń ṣe níbi tí ìrora bá wà, òun ló ń mú ibẹ̀ wú tó ń mú un gbóná. Díkílófénákì àti ìbúpúrófẹ́ẹ̀nì, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n má jẹ́ kí ara ṣe nǹkan náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan náà yẹn ló ń jẹ́ kí àpòlúkù ní ohun yíyọ̀ tó fi bo ara ẹ̀ kí omi kíkan inú ẹ̀ má baà jẹ ẹ́, òun ló tún ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín. Oògùn ò mọ̀ pé orúnkún lẹ rán òun sí. Ó dá gbogbo ẹ̀ dúró káàkiri ara, ọgbẹ́ inú dé, kíndìnrín ò rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó wá ń fi iyọ̀ àti omi pamọ́, ẹsẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Oògùn dókítà ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi, ti orúnkún ń bù ú padà sínú ẹ̀. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni wọ́n ò bá máa fi jẹ dókítà."

Ó ní kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, ó kọ lẹ́tà kékeré kan sí dókítà wọn ní Kétu, ó fún wọn ní ohun tí wọ́n á máa fi pa orúnkún. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó ya oòrùn sára páálí kan, ó ya òṣùpá sára èkejì. Oòrùn, àárọ̀. Òṣùpá, alẹ́. Màmá mi ò kàwé, ọdún kẹrin tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, kò sẹ́ni tó yà á fún wọn rí, Faransé ni wọ́n máa ń kọ sí i, èmi ni mo máa ń kà á lórí fóònù tí mo bá rántí. Torí oòrùn àti òṣùpá yẹn nìkan mo lè fún wọn ní máàkì mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, òru ni, ọ̀sẹ̀ tí ó kàn wọ́n láti máa ṣí mọ́jú. Aago méjì kọjá, ojú ihò kékeré kan lára ilẹ̀kùn irin ni wọ́n ti ń dá èèyàn lóhùn, ẹ ó tẹ aago, ẹ ó dúró, ẹ̀fọn á jẹ yín. Ibà lẹ́ẹ̀kan yìí, àyẹ̀wò ti fi hàn, dókítà ti kọ Coartem fún mi. Èmi tí mo ti lò ó ó kéré tán ìgbà mẹ́wàá láyé mi, mo gbowó sílẹ̀ mo fẹ́ máa lọ, ọmọkùnrin inú ihò ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní ta ló ń jẹun láago méjì òru, ẹnu mi ń korò. Ó ní oògùn yẹn ò mọ omi wẹ̀, òróró ló fi ń rìn, tí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ, púpọ̀ nínú ẹ̀ á bá ìgbẹ́ lọ láì wọnú ẹ̀jẹ̀. Kí n fi ẹ̀kọ àti mílíìkì ọlọ́ràá sí i, tàbí ẹ̀pà, tàbí àkàrà. Ìgbà mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó, hóró mẹ́rin-mẹ́rin fún àgbàlagbà, ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ ti àkọ́kọ́. Èmi ti máa ń lò ó lórí inú òfìfo, ọjọ́ kejì tí ara bá ti yá màá fi ìyókù pamọ́ sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ míì, nínú oòrùn Kétu yẹn, àfi bí ẹni ń dín oògùn. Mo sì máa ń pariwo pé oògùn ibà ò ṣiṣẹ́ mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Àkíyèsí kékeré fún àwọn awakọ̀ bíi tèmi. Mo béèrè ọ̀rọ̀ obì lọ́wọ́ wọn náà. Kaféènì ló wà nínú obì, bíi ti kọfí. Tí èèyàn bá lajú sílẹ̀ pẹ́, nǹkan kan máa ń kóra jọ sí ọpọlọ tó ń sọ fún un pé oorun ti tó, kaféènì ò kó nǹkan yẹn kúrò, ó kàn jókòó sórí àga ẹ̀ ni. Tí obì bá dìde, gbèsè oorun wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Bíi wákàtí márùn-ún ló sì máa ń gbà kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, èyí tẹ́ ẹ jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóru, ẹ ó tún jẹ òmíì láàárọ̀. Mo ṣì ń jẹ obì o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì á sọ, pé fámásì wọ́n, ti àwọn tó ń gbé àwo oògùn kiri ni ti mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni. Àbọ̀ owó tí mo san lọ́jọ́ tí mo mú màmá lọ, màá fi ra oògùn gáréèjì fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ẹ̀? Ní oṣù kejì 2017 tí ọlọ́pàá lọ kó oògùn ní Adjégounlè, nínú ọjà Dantokpa ní Kùtọnu, gbogbo wa rò pé ó ti parí. Adjégounlè yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tà á ní olówó pọ́ọ́kú fún ọdún gbọọrọ nígbà náà. Kùtọnu náà kúkú ni Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ti wá ké gbàjarè lórí ayédèrú oògùn ní 2009. Àwo ò kúrò lórí àwọn tó ń kiri síbẹ̀, kàkà bẹ́ẹ̀ wọ́n fi aṣọ bò ó. Ayédèrú ò sì fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹfun lásán o. Ní Kóńgò tí Kinshasa jẹ́ olú ìlú ẹ̀, ní 2015, wọ́n rí oògùn tí wọ́n kọ diazepam sí lára, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, haloperidol ló wà nínú ẹ̀, oògùn ti àwọn tí orí wọn ò pé. Ọrùn àwọn tó lò ó lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú wọn gbé sókè, ahọ́n yọ síta, àwọn dókítà rò pé àrùn inú ọpọlọ ló bẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ní gáréèjì wa ni, a ò bá ti dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Ó dáa, ẹjọ́ tí mo ní. Wọ́n ń pẹ́! Obìnrin kan ṣoṣo ló ń bi gbogbo ayé léèrè, èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níwájú mi lẹ́ẹ̀kejì, àga mẹ́ta péré ló wà, màmá mi dúró títí mo fi bẹ ọmọ ilé ìwé kan kó dìde. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń tutù bíi ti ilé òkú, ẹni tí ibà ń ṣe ló lọ síbẹ̀ ẹ sì wá fún un ní òtútù. Ẹni tó ń gbowó kì í ní owó wẹ́wẹ́, á ní ẹ lọ ṣẹ́ owó lọ́wọ́ alákàrà òdìkejì, alákàrà ti ń bínú. Kò síbi gbígbé ọkọ̀ sí, ọ̀kadà ló kún iwájú ẹ̀. Ọmọkùnrin tuntun kan tún wà tí Faransé nìkan ló ń sọ, tí ìyá kan ń bá a sọ èdè Gùn tó ń bá ìyá sọ "madame, madame," àwọn méjèèjì ń pariwo. Ẹjọ́ tó tún dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni èèyàn ń sọ, káńtà yẹn sì wà ní gbangba. Ìgbà kẹrin tí mo lọ, ọmọbìnrin kan wá béèrè ìṣìrọ́ọ̀pù tó ń mú ìdí yọ, gbogbo wa ló gbọ́. Màdáámù rọra ṣàlàyé fún un pé oògùn ara yíyún ni èyí tó ń mú èèyàn jẹun jẹun yẹn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, oorun ló máa fi pa á níbi iṣẹ́, pé hóró kékeré tí wọ́n máa ń dì mọ́ ọn sì burú jù ú lọ, omi ló ń kó sí ojú àti ara, ara fúnra ẹ̀ ń ṣe irú ohun tó wà nínú hóró yẹn, á wá gbàgbé bó ṣe ń ṣe é, ọjọ́ tó bá jáwọ́ lójijì ó lè dákú. Ọmọ náà ti fi ìborùn bo ojú kí màdáámù tó dé ìdajì. Ẹ wá ibì kan tẹ́ ẹ ó máa mú wọn wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kọ́tìnnì lásán tó.

Mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí tí mo yọ, ti kọ́tìnnì àti àga ni.

Lọ́jọ́ ìgbà kẹrin yẹn, màmá tún bá mi lọ, ẹsẹ̀ ti fà, bàtà ti wọ̀ wọ́n. Bá a ṣe fẹ́ máa lọ, màdáámù tún béèrè, ṣé kò sí nǹkan míì tí ẹ ń fi sẹ́nu. Màmá wò mí, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n yọ ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kan nínú báàgì. Màdáámù ṣí i, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní òun ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ àmọ́ òun mọ ohun tó ń ṣe: tó bá ń yàgbẹ́ fún yín, tí oògùn dókítà sì ń tọ̀ fún yín, iyọ̀ kan wà lára tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù tó máa bá méjèèjì jáde, iyọ̀ yẹn ni ọkàn fi ń lù létòlétò. Ẹ fi í sílẹ̀ ná, màmá. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n dì í padà sínú báàgì, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Pọ̀bẹ̀. Nígbà tá a délé tí mo ń bá wọn to oògùn sórí tábìlì, mo rí i pé wọ́n ti fi bírò mi ya òṣùpá sára ìgò àgbo.